Ìlà Kan Tí Mo Fò Nígbà Tí Mo Ń Kà Á fún Bàbá

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ kan sínú, tí mo ń jẹun lé e lórí, tí mo ń kírun lé e lórí. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé mo ti lọ sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀, ó sì ti pẹ́ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó gbé mi ṣépè.

Ọmọ Ìkirè ni mí. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo kọ́, irú èyí tó ń ṣírò bí irin àti ìpìlẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kí ohun tí wọ́n bá kọ́ má baà wó. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Apòmù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òpó táǹkì omi là ń yàwòrán jù níbẹ̀, àwọn táǹkì ńlá tí wọ́n ń gbé sókè lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kí omi lè máa ti òkè ṣàn wá sílẹ̀ fún ará àdúgbò.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an kì í ṣe olùkọ́ yunifásítì. Bàbá kan ni, ará Apòmù, àgbà nínú ìjọ Aládùúrà, ẹnjiníà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ń bá ilé iṣẹ́ wa yẹ iṣẹ́ wò. Bàbá náà ni mo máa pè wọ́n, mi ò ní í dárúkọ wọn. Nígbà tí mo dé ilé iṣẹ́ yẹn, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó ilé ló wá wo bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ńtì. Bàbá ló ní kí n máa wá sí pálọ̀ àwọn lọ́sàn-án Sátidé. Wọn ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Oríkì mi ni wọ́n máa ń pè, Àbẹ̀kẹ́, bí ẹni pé àwọn ló sọ mí lórúkọ.

Nígbà ọ̀dọ́ wọn, Bàbá fi èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Fortran kọ ètò ìṣirò kan. Ẹ sọ fún un bí táǹkì ṣe tóbi tó, bó ṣe máa ga tó, bí ilẹ̀ ṣe le tó lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Yóò sọ fún yín bí ìpìlẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ètò náà ò lẹ́wà lójú, lẹ́tà funfun lórí ojú dúdú ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Táǹkì kan wà ní Gbọ̀ngán tí wọ́n fi ṣírò kí wọ́n tó bí mi, ó ṣì wà lórí ìdúró.

Èmi ò gbọ́ Fortran dáadáa. Python lèmi gbọ́, èdè tí àwa ọmọ ìsinsìnyí ń lò. Ọ̀gá wa wá ní kí n so méjèèjì pọ̀. Kí tèmi wà níwájú, kó rẹwà, kí èèyàn lè lò ó lórí fóònù. Kí ti Bàbá wà lẹ́yìn, kó máa ṣe ìṣirò lọ. Àfi bí ẹni fi ògbufọ̀ sáàárín ẹni méjì tí kò gbédè ara wọn. Ògbufọ̀ yẹn lèmi kọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kò le. Èdè Bàbá ń ka nǹkan láti orí ení: ẹsẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Tèmi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo: òdo, ení, èjì, ẹ̀ta. Mẹ́rin náà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀.

Bàbá sì kìlọ̀ fún mi. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni wọ́n ti sọ pé, "Àbẹ̀kẹ́, tèmi ń kà bí a ṣe ń ka ọjà ọrọọrún. Ọjọ́ tí a ná an gan-an ni ọjọ́ kìíní, a kì í yọ ọ́ sílẹ̀. Tìrẹ ń yọ ọ́ sílẹ̀. Ṣọ́ ibẹ̀." Mo ní mo ti gbọ́. Àbùkù mi nìyẹn látilẹ̀, mo máa ń tètè ní mo ti gbọ́.

Nígbà tí mo dán an wò, ó kọ̀. Tèmi ń béèrè ẹsẹ̀ òdo, ti Bàbá ò sì ní ẹsẹ̀ kankan tó ń jẹ́ òdo. Ẹni tó bá ní làákàyè yóò fi ení kún gbogbo ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ń pè mí lórí fóònù léraléra, àwọn tó gbé iṣẹ́ wá ń dúró, ara mi ò sì balẹ̀. Mo kọ ìlà kan péré: bí o kò bá rí òdo, lọ mú èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá wá. Ó ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà mẹ́rin jáde, mẹ́rin pé. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ sílé mi.

Ohun tí ìlà yẹn ń ṣe nìyí. Ó ń fún ẹsẹ̀ kìíní ní ìpìlẹ̀ ẹsẹ̀ kẹrin. Ó ń fún ẹsẹ̀ kejì ní ti kìíní, ìkẹta ní ti ìkejì, ìkẹrin ní ti ìkẹta. Bí ẹni pín bàtà fún ọmọ mẹ́rin, tó fún kálukú ní ti ẹnìkejì ẹ̀. Bí ilẹ̀ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá rí bákan náà, kò séwu, torí ìpìlẹ̀ wọn á dọ́gba. Táǹkì méjì àkọ́kọ́ tí a fi ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wọn rí. Mo ti padà lọ yẹ̀ wọ́n wò, mo fi ọwọ́ ara mi tún wọn ṣírò, ẹ má fòyà nítorí ìyẹn. Ìkẹta ni ò rí bẹ́ẹ̀.

Ìkẹta yẹn wà ní àdúgbò kan ní Ìkirè. Ṣáláńgá àtijọ́ ni wọ́n dí ní igun kẹrin ilẹ̀ ibẹ̀. Gbogbo àgbà àdúgbò ló mọ̀. Àwa náà mọ̀, torí a gbẹ́ ilẹ̀ wò, èmi fúnra mi ni mo sì kọ ọ́ sínú ètò pé ibẹ̀ rọ̀. Ètò Bàbá gbọ́. Ó ṣírò ìpìlẹ̀ ńlá fún igun yẹn. Ìlà tèmi wá gbé ìpìlẹ̀ ńlá náà, ó lọ fi í fún igun kìíní, níbi tí ilẹ̀ ti le bí òkúta.

Àṣà Bàbá ni pé kọ̀ǹpútà ò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ parí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú pẹ́ńsù àti bébà, kó tún ẹsẹ̀ kan ṣírò, ó kéré tán. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń ṣú nígbà náà. Mo gbé àwòrán náà lọ bá wọn pé kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e, torí òǹtẹ̀ wọn ni ilé iṣẹ́ wa ń lò. Wọ́n bi mí pé, "O fi pẹ́ńsù wò ó?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mi ò fi pẹ́ńsù wo nǹkan kan. Bàbá fi ọwọ́ wá igun bébà títí wọ́n fi rí ibi tó yẹ, wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n kú iṣẹ́.

Bíríkìlà tó ṣe ìpìlẹ̀ náà, ará Orílẹ̀-Òwu kan tó ń jẹ́ Múfú, òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà mí. Ó dúró létí ihò, ó wo bébà, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹnjiníà, ibi tó le lẹ ní ká gbẹ́ gbàgàdà, ibi ṣáláńgá lẹ ní ká gbẹ́ bíńtín. Ṣé ẹ ò dorí ẹ̀ kodò báyìí?" Mo bi í pé ṣé ó mọ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Múfú náà rẹ́rìn-ín, ó mú ṣọ́bìrì ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀nà méjì ni Ọlọ́run ti là sílẹ̀ fún mi kí ẹnikẹ́ni tó fara pa, mo sì fẹnu ara mi dí méjèèjì.

Táǹkì náà dúró fún oṣù mẹ́jọ. Omi ń yọ, àwọn èèyàn ń ṣàdúrà fún wa. Lẹ́yìn òjò ńlá kan, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin wà ní mọ́sálááṣí, igun kẹrin rì. Wọ́n ní òpó náà kọ́kọ́ rọra tẹ̀, ló bá ya lulẹ̀ pẹ̀lú táǹkì kíkún. Ìyá Sàdíà ló wà lábẹ́ ẹ̀. Dòdò Ìkirè ni wọ́n ń dín níbẹ̀, wọ́n sì ti gbé ààrò wọn súnmọ́ táǹkì nítorí omi. Wọn ò kú. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn láti orókùn.

Mo wà lára àwọn tó gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ wọn rin híjáàbù mi. Nínú mọ́tò tí a fi gbé wọn lọ ni ọ̀rọ̀ Múfú ti padà sí mi létí. Nígbà tí mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi rí ìlà náà. Mo tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ò le rárá.

Títí dé ibí, àṣìṣe ni ẹ lè pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ àṣìṣe onígbéraga. Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àṣìṣe.

Àwọn àgbà àdúgbò yan ìgbìmọ̀ láti wádìí. Bàbá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún àwọn ní ọjọ́ mẹ́ta, àwọn fẹ́ kọ́kọ́ yẹ ètò náà wò. Ṣùgbọ́n ojú wọn ò ríran kàwé mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá kà á sí àwọn létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ti Fortran, ti Python, àti ògbufọ̀ tó wà láàárín wọn, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tí a ṣírò táǹkì yẹn.

Mo lọ. Mo jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní pálọ̀, ẹ̀dà ọjọ́ náà tí mi ò tíì tún ṣe ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ń kà, wọ́n dijú, wọ́n ń mi orí. Ètò tí wọ́n kọ látìgbà ọ̀dọ́, wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n sórí. Nígbà míì wọ́n á ti pe ìlà tó kàn kí n tó kà á. Nígbà tí mo dé ibi ìsopọ̀, mo ń kà á lọ, mo dé orí ìlà yẹn. Mo fò ó. Mo ka èyí tó tẹ̀ lé e.

Bàbá ní, "Dúró ná. Padà sẹ́yìn díẹ̀."

Mo padà sẹ́yìn, mo tún kà á, mo tún fò ó. Wọ́n bi mí pé, "Níbí yìí, o fi ení kún un, àbí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé wàá rántí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ sọ fún mi, irú èèyàn wo ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tí kò bú sẹ́kún níbẹ̀? Èmi ò sunkún. Mo ń ka kóòdù lọ ni, ohùn mi ò tiẹ̀ gbọ̀n.

Nígbà tí mo kà á tán, Bàbá lajú. Wọ́n wá ní bí ìsopọ̀ bá dára, a jẹ́ pé inú tàwọn ni àṣìṣe wà. Wọ́n ní bóyá ìṣirò tí àwọn kọ fún ilẹ̀ rírọ̀ ni kò péye látilẹ̀, pé Ọlọ́run ló ń bo àwọn láṣìírí láti ọjọ́ yìí wá. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò ju méjì lọ: èmi ni. Mo dákẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé ìtẹríba ni, pé ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ẹ ò rí bí èèyàn ṣe lè fi ẹ̀kọ́ ilé bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀.

Níwájú ìgbìmọ̀, Bàbá dìde, wọ́n ní àwọn làwọn jẹ̀bi, kí wọ́n má bi ẹlòmíì léèrè. Kò sí ẹni tó bi èmi tàbí Múfú ní nǹkan kan. Wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá. Bàbá yọ ara wọn kúrò lára àgbà ìjọ, wọ́n ní ẹni tó sọ ọmọ ẹlòmíì di ẹlẹ́sẹ̀ kan ò yẹ lẹ́ni tó ń gbé ọwọ́ àdúrà lé ẹnikẹ́ni lórí. Wọ́n wọ sùtánà funfun wọn, wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Sàdíà. Ìyá Sàdíà ní àwọn ti fa ọ̀rọ̀ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáríjì.

Láti ìgbà náà, "bàbá tó wó táǹkì" ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí lọ́jọ́ náà mọ orúkọ yẹn.

Kí ni mo ń bẹ̀rù? Mo ń sọ fún ara mi pé Bàbá ti dàgbà, wọ́n ti fi orúkọ wọn jayé tán, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tèmi ni. Mo ní obìnrin ni mí, níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wá ibi tí obìnrin á ti ṣubú. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, kò sì dá mi láre. Lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn Ìléyá, kò ṣeé ṣe. Mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn tí mo bá bímọ. Mo bímọ, mo tún wá ẹ̀yìn nǹkan mìíràn.

Èmi ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá níbi iṣẹ́ báyìí. Ètò Bàbá náà la ṣì ń lò. Ìṣirò tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ rírọ̀ ò ní àbùkù kankan, mo ti fi pẹ́ńsù wò ó títí ó fi sú mi. Èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Bí mo bá gba iwájú Ìyá Sàdíà kọjá, wọ́n á fi ọ̀pá ti ara wọn dìde, wọ́n á ní, "Ẹnjiníà mi, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ fún mi, ìwọ lo gbé mi lọ́jọ́ náà." Wọ́n á di dòdò fún mi. Mi ò lè jẹ ẹ́, mi ò sì lè sọ ọ́ nù.

Lóṣù tó kọjá, Àǹtí Bọ́lá, ọmọ Bàbá obìnrin, pè mí. Wọ́n ní iyè Bàbá ti ń ra, pé bí mo bá fẹ́ rí wọn kí n tètè wá. Ẹ̀rù bà mí pé Bàbá á lọ láìgbọ́. Mo gbéra lọ sí Apòmù ní Sátidé, mo ti pinnu pé ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀.

Bàbá jókòó lórí àga wọn. Wọ́n ti rù gan-an. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní Àbẹ̀kẹ́ ni. Wọn ò mọ Àbẹ̀kẹ́ kankan. Àǹtí Bọ́lá ní kí n má jẹ́ kó dùn mí, pé wọn ò mọ àwọn tó jẹ́ ọmọ náà mọ́, pé wọ́n ti gbàgbé orúkọ ìyá àwọn tó dolóògbé. Àǹtí wá lọ sẹ́yìnkùlé láti lọ wo ohun tó wà lórí iná.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo ka ìlà náà fún wọn bí mo ṣe kọ ọ́, mo ní, "Sà, èmi ni, kì í ṣe ẹ̀yin. Ìṣirò yín pé." Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tẹ́tí sí mi dáadáa, wọ́n ń mi orí. Mo rò pé ó wọlé.

Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin lọmọ obìnrin tó ń dín dòdò?" Kí n tó lanu, wọ́n ti di apá àga mú, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Àgbà tó tó bí bàbá mi lọ́mọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì níwájú mi, wọ́n ń fi "ẹ̀yin" pè mí. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ màmá yín. Èmi ni mo ṣírò ẹ̀. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Mo ń fà wọ́n sókè, wọn ò gbà. Wọ́n ní àfi kí n gbẹnu màmá mi dárí jì wọ́n. Àǹtí Bọ́lá wọlé, ó sì hàn pé ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì sí wọn. Wọ́n ní, "Má dá ara ẹ láàmú. Gbogbo ẹni tó bá ti gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbàgbé ohun gbogbo, ìyẹn nìkan ni wọn ò gbàgbé."

Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá sì dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ kan, mo ní mo ti dárí jì wọ́n, kí wọ́n lè dìde. Ẹnu tèmi yìí ni mo fi sọ ọ́. Wọ́n dìde, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Kò tó wákàtí kan, wọ́n tún wà nílẹ̀.

Mi ò tíì sọ fún Àǹtí Bọ́lá. Mi ò tíì sọ fún Ìyá Sàdíà. Mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ ààfáà kan láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ èèyàn lọ́rùn èèyàn, Ọlọ́run kì í bá ni fojú fò ó, àfi kí olóhun yọ̀ǹda. Olóhun wà láàyè, ó ń mí, kò sì mọ̀ pé wọ́n jẹ òun ní nǹkan kan. Òun ló rò pé òun jẹ gbogbo ayé.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kí ẹ kẹ́ mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n jáde sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀, kí ìlú gbọ́, kí wọ́n gba òǹtẹ̀ tèmi náà. Mo máa ṣe é, bí ẹsẹ̀ mi bá gbà mí dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló máa gbọ́, Bàbá nìkan ni ò ní í gbọ́. Ọ̀ràn tí èmi dá ni wọ́n máa gbé wọ sàréè lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú arúgbó rí, mo bẹ̀ yín. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ohun tí mo lè sọ tí Bàbá fi máa dìde nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi.